Ìgbẹ́tì àti Ìlú Ńlá: Lórí Yíyan Ibi Àbẹ̀wò Ọjọ́ Kan

Ìrìnàjò ọjọ́ kan ni èyí tí ènìyàn jí lọ ní òwúrọ̀ tí ó sì padà wá sùn sílé rẹ̀ lálẹ́. Kò gba ẹrù púpọ̀, kò gba ilé ìtura, ṣùgbọ́n ó gba ìpinnu, nítorí pé ojúmọ́ kan kì í gba ìlú méjì: ẹni tó bá yan ọ̀kan ti fi èkejì sílẹ̀ nìyẹn. Ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí igbó ti tán tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀, ìlú ńlá méjì ló súnmọ́ ni, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ìlú tí kò tóbi tó wọn náà wà níbẹ̀: Ìgbẹ́tì, Kíṣì, Ìgbòho. Ìgbẹ́tì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo. Òkè olókùúta ló yí i ká, wọ́n sì ń wa òkúta mábù nílẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi Ìlọrin sílẹ̀ tó gba Ìgbẹ́tì lọ, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti bí ojú ọ̀nà ṣe rí lè wà nínú rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onírònú: kí ni ibì kan ní tí ó fi yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ dìde nílé?

Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé títóbi ni. Ìlú tó tóbi ló ní ọjà tó kún, ilé alájà, yunifásítì, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí èrò ń wọ́ lọ, nítorí náà ohun tí ojú máa rí níbẹ̀ á pọ̀ ju ti ìlú kékeré lọ. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Yorùbá fúnra wọn fẹ́ràn ìlú ńlá. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ sínú odi, tí wọ́n ń ti inú ìlú lọ sóko, ará oko sì ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá wọ ọjà tí ojú rẹ̀ ń ré kiri. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó yí Ìgbẹ́tì ká gan-an ló ń jẹ́rìí tako ìdáhùn náà.

Lápá àríwá Ìgbẹ́tì, nínú ọ̀dàn tí ẹnikẹ́ni kì í gbé mọ́, ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ìlú yìí ni olú-ìlú ilẹ̀ ọba tó gbòòrò jù lọ tí Yorùbá ní. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìnàjò ará Scotland, wọ ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, ní ayé Aláàfin Májòtú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ tó yí ìlú náà po tó máìlì 15 àti pé ẹnubodè 10 ló wà lára rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1830 tó parí, Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Ogun abẹ́lé, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá olórí ogun Ọ̀yọ́ àti agbára Fúlàní tó dìde láti Ìlọrin ló fọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ká, Aláàfin Àtìbà sì fi Àgọ́-Ọ̀jà ní gúúsù ṣe Ọ̀yọ́ tuntun. Lónìí, inú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991 ni ahoro náà wà, ọgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett lọ wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1956 sí 1957, Babátúndé Agbájé-Williams láti Yunifásítì Ìbàdàn náà ṣe ìwádìí tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni ìyókù odi, àpáàdì, ojú ilé àtijọ́ àti igi oṣè tó ti dàgbà sínú ibi tí ènìyàn ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá gbé ayé ní 1826 tó ní òun ń fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ láti lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ìlú kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ìgbòho pẹ̀lú ti jẹ́ olú-ìlú rí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí Tápà ti kó Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni Aláàfin ń gbé, títí di ayé Abípa tó kó ìlú padà sílé. Àwọn Aláàfin tó wàjà síbẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ Ìgbòho. Ìlú ńlá ayé ọjọ́sí ti di igbó, olú-ìlú àná sì ti di ìlú kékeré tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lọ sí Kíṣì. Èyí kò fi hàn pé ìlú kékeré ló máa ń pẹ́ láyé ju ìlú ńlá lọ, nítorí àwọn ìlú kékeré tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún pa rẹ́ kò lóǹkà. Ohun tó fi hàn ni pé títóbi kì í ṣe ara ìlú bí òkè ti jẹ́ ara rẹ̀. Ìgbẹ́tì kéré lójú ẹni tó ti Ìlọrin wá, ìlú ńlá sì ni lójú ẹni tó ti gáà Fúlàní tàbí abúlé àwọn àgbẹ̀ oníṣu wá nájà níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó sọ pé òun yan ìlú kékeré ń sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti wá, kò tíì sọ nǹkan kan nípa ibi tó ń lọ.

Bí títóbi kò bá dáhùn ìbéèrè náà, ẹ̀sìn ní ìdáhùn tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òkè Ìgbẹ́tì ni Ìyámọ̀pó, orúkọ kan náà ni òrìṣà tí ìlú ń bọ níbẹ̀ ń jẹ́. Òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, tí àwọn amọ̀kòkò àti aláró mọ̀ sí ìyá wọn. Òkè mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbélé. Nígbà ogun, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú agbègbè yìí sá lọ, Ìgbẹ́tì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀ ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣakí ní Asabari tirẹ̀, Ìṣẹ́yìn ní Ẹbẹdí, Adó-Àwáyé sì ní òkè tí adágún Ìyáàkẹ́ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú tó lórúkọ ní Òkè-Ògùn, bí wọ́n ṣe ń pe agbègbè yìí, ló ní òkè tó ń kì.

Ṣùgbọ́n Ìyámọ̀pó wà ní Òṣogbo náà. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Austria ní 1915, tó wọ Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn Yorùbá sọ ní Àdùnní Olórìṣà, ṣe ère òrìṣà yìí sínú igbó Ọ̀ṣun, ère gìrìwò kan tó ní ọwọ́ púpọ̀. UNESCO fi igbó náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Bí oṣù kẹjọ bá dé, èrò láti Brazil, Amẹ́ríkà àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá a máa kún ìlú Òṣogbo fọ́fọ́. Òjìji òkè Ìgbẹ́tì kì í rí irú èrò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó le wá dìde: bó bá jẹ́ òrìṣà kan náà ló wà níbi méjèèjì, kí ni ènìyàn ń wá lọ sí Ìgbẹ́tì, nígbà tí Òṣogbo ní ọ̀nà, ilé ìtura àti ẹni tó máa ṣàlàyé?

Ohun kan wà tó fara mọ́ Òṣogbo. Òrìṣà kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bọ ọ́. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Bahia àti Cuba gbé Ṣàngó àti Ọ̀ṣun lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lórí àti lẹ́nu, òrìṣà náà sì ń jẹ́ ìpè wọn títí di òní. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ nípa Olódùmarè ní 1962, tẹnu mọ́ ọn pé òkúta, odò tàbí ère tí a ń wò jẹ́ àmì lásán fún ẹ̀mí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àmì kan tó àmì kejì, ère amọ̀ àti sìmẹ́ńtì Òṣogbo kò sì kéré sí òkè. Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, ó sì gba ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bú u pé òkúta ni wọ́n ń bọ. Àmọ́ kò kárí ohun tí àwọn ará Ìgbẹ́tì ń ṣe. Òkè tí wọ́n ń bọ gan-an ni àwọn baba wọn sá sí nígbà tí ogun dé, ọpẹ́ sì wà nínú ìbọ yẹn. Ẹni tí igi kan gbà lọ́wọ́ òjò kì í lọ dúpẹ́ lọ́dọ̀ igi mìíràn, ìbáà jẹ́ pé irú igi kan náà ni wọ́n. Ère Òṣogbo lè jẹ́ àmì òrìṣà náà pátápátá, kò sì lè jẹ́ òkè tó gba ìlú Ìgbẹ́tì là.

Òkúta mábù fi ìdí èyí múlẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Kì í ṣe gbogbo òkúta Ìgbẹ́tì ni wọ́n ń bọ. Lábẹ́ ilẹ̀ ìlú kan náà ni wọ́n ti ń wa mábù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ àgbélékà lọ tà fún àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó rí ìtakora níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dá òkúta ló sọ ọ́ di òrìṣà, à bá máa bọ èyí tí a ń tà, tàbí kí a máa ta èyí tí a ń bọ. Ohun tó wà láàrin ìlú àti òkè kan láti ìran dé ìran ló yà á sọ́tọ̀. Àlejò tó wá fún ọjọ́ kan kò sí nínú ohun náà, kò sì yẹ kó máa ṣe bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀sìn Kristi bá ìbéèrè yìí pàdé ní kùtùkùtù. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, obìnrin ará Samáríà tó wá pọn omi níbi kànga Jákọ́bù gbé e ka iwájú Jésù: àwọn baba wa ń sìn lórí òkè yìí, ẹ̀yin Júù sì ní Jerúsálẹ́mù ni. Òkè Gérísímù lẹ́bàá ìlú kékeré ni obìnrin náà ń sọ, ìlú ńlá tó ní tẹ́ńpìlì ni èkejì. Jésù kò yan èyíkéyìí. Ó ní àkókò ń bọ̀ tí ìjọsìn kò ní so mọ́ òkè náà, tí kò sì ní so mọ́ Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó bá di èsì yìí mú gírígírí kò ní rí ìdí kan tí onígbàgbọ́ fi gbọ́dọ̀ rìnrìnàjò lọ síbì kan nítorí Ọlọ́run, ìbáà jẹ́ ìlú ńlá, ìbáà jẹ́ kékeré. Síbẹ̀ àwọn Kristẹni kò yéé rìn. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí wòlíì Míkà sọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ó kéré láàrin àwọn ẹbí Júdà, kò ju nǹkan bí kìlómítà 10 lọ sí Jerúsálẹ́mù, ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn Aládùúrà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ orí òkè di ilé àdúrà, wọ́n sì ń gun òkè Adó-Àwáyé pẹ̀lú omi nínú kẹ́ẹ̀gì.

Àwọn Kristẹni tó ń rìn yìí kò tako èsì Jésù bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí wọn kò sọ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìkẹ̀jì-Arákeji jẹ́ ìlú kékeré lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba, ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928, ibẹ̀ náà sì ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà lónìí. Ní Òkè-Ògùn, Òṣoògùn ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ẹni tó lọ ra aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn lè yà síbẹ̀. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà tí wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lọ, ọmọ náà ló padà di Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìṣẹ́yìn tóbi, ó lókìkí, ó sì ní ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe láti di ibi tí wọ́n ti mú Àjàyí. Ìṣẹ̀lẹ̀ kì í bi ìlú léèrè bó ṣe tóbi tó.

Láàrin àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní Òkè-Ògùn àti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà gba ojú òfin. Hádíìsì tó lókìkí sọ pé kí a má ṣe di ẹrù ìrìnàjò lọ sí mọ́ṣáláṣí kankan àyàfi mẹ́ta: ti Mẹ́kà, ti Mẹ̀dínà àti ti Jerúsálẹ́mù. Onímọ̀ òfin ẹ̀sìn náà, Ibn Taymiyya, di èyí mú débi tó fi lòdì sí kí ènìyàn rìnrìnàjò nítorí ibojì, wọ́n torí rẹ̀ tì í mọ́lé ní Damasku ní 1326, ẹ̀wọ̀n náà ló sì kú sí ní 1328. Al-Ghazali, onímọ̀ mìíràn tó ti kú ní 1111, ti rò ó lọ́nà mìíràn ṣáájú rẹ̀. Ní ti al-Ghazali, ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni hádíìsì náà ń sọ, nítorí pé lẹ́yìn mẹ́ta yẹn, mọ́ṣáláṣí kan kò sàn ju èkejì lọ, kò sì sí ìlú Mùsùlùmí tí kò ní ọ̀kan. Ẹni tó bá rin ọ̀nà jíjìn lọ bá ohun tó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an nílé ti da ara rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n àwọn alùfáà kò dọ́gba, àwọn ẹni rere kò dọ́gba, nítorí náà a lè tọ̀ wọ́n lọ. Àwọn amòfin ìlànà Màlíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ka iye ọ̀nà tó ń sọ ènìyàn di arìnrìnàjò tó lè gé ìrun kúrú, ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 80 tàbí kó lé díẹ̀. Gígùn ọ̀nà nìkan ni wọ́n wò. Bí ìlú tó wà lópin ọ̀nà náà ti tóbi tó kò kan òfin.

Èrò al-Ghazali ló wúlò jù fún ẹni tó ń yan láàrin Ìgbẹ́tì àti ìlú ńlá, yálà ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí kò jẹ́ ẹ: ohun tí kò ní ẹgbẹ́ nílé ló tọ́ sí ìrìn. Láti ojú yìí, ìlú ńlá wà nínú ewu. Báńkì, ilé epo, ìsọ̀ fóònù àti ilé oúnjẹ tó wà ní Ìlọrin ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ni wọ́n tún wà ní Ìbàdàn, àwọ̀ tí wọ́n fi kun ògiri wọn pàápàá bákan náà ni. Ìlú ńlá ń fi ohun tó mú un tóbi jọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí a má sọ àsọdùn. Ìlọrin ní òkúta tí àwọn àgbà ní wọ́n ti ń lọ irin níbẹ̀, ó ní Òkè Sóbí, ó ní agboolé àwọn alùfáà tí ìmọ̀ wọn ti pẹ́, kò sì sí èyí tó ní ẹgbẹ́ níbòmíràn. Ẹni tó lọ sí Ìlọrin nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti yan ohun kékeré kan nínú ìlú ńlá. Òwe tó ní bí a bá rìn jìnnà a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kò sọ fún ni pé ìlú ńlá ni ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń gbé.

Kí ni ènìyàn lè mọ̀ ní ọjọ́ kan? Barry Hallen àti J. O. Sódípọ̀, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, jókòó ti àwọn oníṣègùn Èkìtì, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé ìwọ̀n ìmọ̀ Yorùbá le ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nìkan ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ìbáà jẹ́ láti ẹnu olùkọ́ tàbí láti inú ìwé, ó gbà á gbọ́ ni, títí di ìgbà tó bá dán an wò. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn Immanuel Kant, onírònú tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Königsberg fún nǹkan bí ogójì ọdún láìrìn jìnnà sí ìlú náà, àwọn oníṣègùn Èkìtì á ní ohun tó gbà gbọ́ ló ń kọ́ wọn.

Ìwọ̀n yìí ló gbé ìlú kékeré ga fún ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nínú ìlú ńlá, ojú àlejò á kó nǹkan díẹ̀, ìyókù á wá láti ẹnu ẹni tó mú un kiri àti láti inú fóònù, nítorí náà ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó máa gbé délé. Ìgbẹ́tì kò tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ènìyàn lè rìn láti ọjà dé ẹsẹ̀ òkè, kó rí ibi tí wọ́n ti ń wa mábù, kó rí ìsọ̀ àwọn tó ń ta iṣu àti láfún, kó sì rí bí ilé àti òkè ṣe dojú kọ ara wọn. Ohun tó rí kéré, ṣùgbọ́n ó jẹ́ tirẹ̀. Ìdíwọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà ti rí: àjèjì lójú, kò fi ríran. Òkè tí àlejò rí ni òkúta dúdú tó ga. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bí sí ìdí òkè náà ń rí ojúbọ, ààlà ilẹ̀, ihò tí wọ́n sá sí àti ibi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ dé. Ọjọ́ kan kò lè fún àlejò ní ojú yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí ìlú kékeré ń ṣe fún àlejò tí ìlú ńlá kò lè ṣe, òun ni ó dà bí ẹni pé ó wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìlú náà ń wo àlejò padà. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ìlọrin jẹ́ èrò ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó di oníbàárà, lẹ́yìn náà ó padà di èrò ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ní Ìgbẹ́tì, wọ́n á kí i pé ẹ kú àbọ̀, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ á sì bi í pé, “Ilé ta lẹ ń lọ?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ìtọpinpin. Nínú ìwà Yorùbá, ẹni tó wọ ìlú gbọ́dọ̀ ní ẹni tó wá bá, torí ẹni yẹn ló máa dúró fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé. Arìnrìnàjò ayé àtijọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni á lọ sí ilé ọba tàbí ti baálé, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á sì gbọ́ ohun tó wá wá. Èrò ọkọ̀ ọjọ́ kan tó wá wo òkè kò ní èsì fún ìbéèrè yìí. Kò wá bá ẹnikẹ́ni, ibì kan ló wá bá, èyí sì ṣàjèjì sí ẹni tó bi í.

Nítorí náà àǹfààní ìlú kékeré jẹ́ ẹrù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ibi tí kò sí ariwo kí ọkàn wọn lè balẹ̀, wọ́n sì rò pé wọ́n ń bọlá fún ìlú tí wọ́n yàn bẹ́ẹ̀. Lójú wọn ìlú náà jẹ́ àgbo tí wọ́n mu nítorí àárẹ̀ ìlú ńlá. Wọ́n ń fẹ́ kó dákẹ́, kó má yí padà, kó máa fi ògiri alámọ̀ rẹ̀ ya fọ́tò. Ará Ìgbẹ́tì tó ń fẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, iná ìjọba àti iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kò bá wọn mu nínú ìfẹ́ yìí, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó bá wọn mu. Ẹni tó bá gba ìbéèrè ilé ta lẹ ń lọ ní pàtàkì á wá ẹnì kan bá kó tó gun òkè: á bèèrè ẹni tí òkè wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, á gbọ́ èèwọ̀ ibẹ̀, á sì gbọ́ bí ọjọ́ náà bá jẹ́ ọjọ́ tí àlejò kì í dé ojúbọ. Bí wọ́n bá ní kó má gùn ún, ó ti rí ohun tó wá rí ní apá kan, nítorí pé òkè tí ẹnikẹ́ni lè gùn nígbà tó wù ú kì í ṣe irú òkè tí ó torí rẹ̀ kúrò nílé.

Ọ̀nà tó gbé ará Ìlọrin wá sí Ìgbẹ́tì náà ló ń gbé ará Ìgbẹ́tì lọ sí ìlú ńlá, èrò tó ń lọ sì pọ̀ ju èrò tó ń bọ̀ lọ. Wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí yunifásítì ń lò ní Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n ń lọ wo ọmọ tó wà nílé-ìwé gíga, wọ́n sì ń padà lálẹ́ bí ọkọ̀ bá yá. Ìrìnàjò ọjọ́ kan ni tiwọn náà. Àwọn onírònú kì í sábà kà á mọ́ irú ìrìnàjò tí wọ́n ń sọ nítorí pé kò sí ìgbádùn níbẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fi ààlà ìbéèrè yìí hàn. Kí ibì kan tó lè tọ́ sí ìrìn nítorí òkè rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tàbí nítorí pé kò ní ẹgbẹ́, ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ ti lómìnira láti má lọ. Ẹni tó gbé aláìsàn sẹ́yìn ọkọ̀ láago márùn-ún òwúrọ̀ ń lọ síbi tí dókítà wà, kò sì sí ìlú mìíràn lójú ọ̀nà rẹ̀ tó lè yàn.